Máàkì Ọmọ Ọlọ́mọ

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ní Àkúrẹ́ ni pé èdè mi ni wọ́n ń sọ. Ká ní ilẹ̀ òyìnbó ni mo lọ, mà bá ti múra sílẹ̀ fún ẹnu tí n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí a ti ń fi Faransé kàwé tí a sì ń fi Yorùbá jẹun. Mo rò pé bí mo bá ti kọjá bodè, bí ẹni kúrò ní pálọ̀ bọ́ sí yàrá ni yóò rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ ra iṣu. Ìyá oníṣu ní "uṣu" lòun ń tà, ó bi mí bóyá "ulé" mi jìnnà, ó sì ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Kétu ti Èkó?"

"Rárá, mà. Kétu ti òdìkejì bodè."

"Háà! Ará Kútọnu ni yín!"

N kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, aṣọ ìgbéyàwó ni mo lọ rà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti di ará Kútọnu lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lẹ́nu ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Nílé ìwé ẹ̀wẹ̀, Màdáàmù ni mí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó bá ń kọ́ni ní Faransé. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe àwọn olùkọ́ tó kù: Ìyá Tọ́mi, Ìyá Dárà, Bàbá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúkọ ọmọ tèmi, torí wọn kò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní orúkọ. Àbẹ̀kẹ́ ni.

Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ já gaara. Nígbà tí ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu ní àwọn kò nílò mi mọ́, tí ọ̀rẹ́ mi kan sì sọ fún mi pé wọ́n ń wá olùkọ́ Faransé lójú méjèèjì ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n máa lọ. Ìdòwú ni orúkọ wọn. Aránṣọ ni wọ́n. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, àwọn yẹn sì ti dàgbà kúrò nílé.

"Fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá máa dirun fún."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irun yẹn ni yóò kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn.

* * *

Ilé ìwé aládàáni ni wọ́n gbà mí sí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjù. Ọmọ Oǹdó ni ọ̀gá wa, Pìrìnsípà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n lẹ páálí ńlá kan mọ́ ògiri yàrá olùkọ́, orúkọ gbogbo ọmọ sì wà lára rẹ̀. Bí támù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ dán wọn wò kí a lè mọ ibi tí oníkálukú wà. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ibi tí a fẹ́ kó dé kí támù tó parí. Àfojúsùn ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láàárín méjèèjì, a ó máa dán wọn wò lóòrèkóòrè, a ó sì máa kun àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Àwọ̀ ewé wà fún ẹni tó ń sún mọ́ ibi tó ń lọ, yẹ́lò fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, pupa fún ẹni tó dúró sójú kan.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Níbi tí mo ti ń bọ̀, ọmọ á ṣe ìdánwò, o ó fún un ní máàkì, ó tán. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ àfojúsùn àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo kọ àádọ́rin síwájú orúkọ gbogbo wọn pátá, mo sì gbé e lọ fún Pìrìnsípà pẹ̀lú ìgbéraga.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn.

"Màdáàmù, ṣé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń wọ bàtà kan náà?"

"Rárá, sà."

"Ẹ pe ọmọ náà kó jókòó. Ẹ fi ibi tó wà hàn án. Ẹ wá bi í pé níbo ló fẹ́ dé, àti pé kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe tí yóò fi débẹ̀. Àfojúsùn tí ọmọ kò bá lóhùn sí, tiyín ni, kì í ṣe tiẹ̀."

Mo gbọ́ ọ. Mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kékeré nìyẹn jẹ́ lára ohun tó yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, orí ogún ni a ti ń gba máàkì. Ọmọ tó bá gba mẹ́rìnlá, wọn yóò pa adìẹ fún un. Ní Àkúrẹ́, obìnrin kan já wọ yàrá wa lọ́jọ́ kan nítorí pé ọmọ rẹ̀ gba méjìléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni, mo tiẹ̀ ti dìde láti kí i.

"Màdáàmù, ta ló gba ìyókù?" ló bi mí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé òyìnbó Faransé ló gbà á. Mo gbé e mì.

* * *

Àga mi àti ti Ìyá Tọ́mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Olùkọ́ ìṣirò ni, obìnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Tọ́mi, ọmọ rẹ̀, wà ní kíláàsì kẹta tí mo ń kọ́, ojúgbà Àbẹ̀kẹ́ gan-an ni. Bí agogo ọ̀sán bá ti lù, ọmọ náà á yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ á ṣí kúlà, ìrẹsì àti dòdò, ṣíbí méjì, abọ́ kan. Wọ́n á jọ máa jẹ, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Bí ọbẹ̀ bá kan Tọ́mi ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìyá rẹ̀ á fi àtàǹpàkò nù ún láìdákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Àtàǹpàkò yẹn ni mo jowú. Kò tiẹ̀ wò ó kó tó nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà.

Nígbà mìíràn wọ́n máa ń jà. Tọ́mi á fajú ro, á ní, "Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," á sì gbá ṣíbí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní kó dákẹ́, aláfojúdi. Ká tó ka ẹní, èjì, wọ́n ti tún ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń fojú sórí ìwé tí mo ń ṣàmì sí, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ kì í bá mi jà mọ́. Bí mo bá pè é lórí fóònù, ó ń dá mi lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn.

Pupa ni Tọ́mi wà nínú Faransé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà nínú ìdánwò àkọ́kọ́.

"Màdáàmù mi, ẹ bá mi wo ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí. "Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tèmi wá ń ṣubú lọ́wọ́ yín!"

Mo pe Tọ́mi jókòó bí Pìrìnsípà ṣe kọ́ mi. Mo fi ibi tó wà hàn án. Mo ní, "Níbo lo fẹ́ dé?"

Ó wo ilẹ̀. "Ogójì, mà."

Ó kéré lójú mi, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀. "Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?"

"Bí mo bá ti la ẹnu sọ ọ́, wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín."

A ṣe àdéhùn pé n kò ní í pè é láti kàwé sókè ní kíláàsì títí yóò fi kọ́kọ́ kà á fún èmi nìkan. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, á máa ka gbólóhùn kan ní àkàtúnkà, ahọ́n rẹ̀ á máa kọsẹ̀, á sì dìde. Ó dé ogójì. A jókòó, a tún gbé e sókè díẹ̀. Ó dé mẹ́rìnlélógójì, ó dé méjìdínláàádọ́ta. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí bí ìgbà tí ènìyàn mọ àdúrà Olúwa.

* * *

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń pe ilé. Lóṣù àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ máa ń sunkún, á ní kí n padà wá. Mo máa ń sọ pé ẹkún yẹn ń pa mí lára. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí màá máa wá a. Nígbà tó yá, ẹkún dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wá ń gba fóònù, tí wọ́n ń jábọ̀ fún mi.

"Ara wa le. A dirun lánàá. A lọ sí ìpàdé òbí níjọ́ Ẹtì, a rí olùkọ́ ìṣirò."

Mo máa ń ronú lórí "a" yẹn. Àwọn wo ni "a"? Èmi ni mo lóyún Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo rọbí. Ìyá mìíràn wá ń jókòó sórí àga òbí níwájú olùkọ́ ọmọ mi, nígbà tí èmi jókòó sórí àga olùkọ́ ní Àkúrẹ́ níwájú òbí àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo bá sì rí Àbẹ̀kẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ni mò ń bi í? Máàkì. "Èló lo gbà nínú ìṣirò?" Mẹ́sàn-án, lórí ogún. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Mẹ́rìnlá ni mo fẹ́." Ọ̀sẹ̀ mìíràn ẹ̀wẹ̀, mẹ́jọ. "Àbẹ̀kẹ́, mo ní mẹ́rìnlá! Ọdún yìí lẹ ó ṣe ìdánwò àṣejáde!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Tẹ́lẹ̀, Táńtì ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi, bí gbogbo ọmọ ṣe ń pe àǹtí wọn lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, à ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Màmá ní kí n wá jẹun."

"Màmá wo?"

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ẹ̀rọ náà dúró.

"Táńtì," ló wí ní ohùn kékeré.

Mo ní ó dáa, kó lọ jẹun. Mo jókòó sórí ibùsùn mi ní Àkúrẹ́, mo ń wo ìkòkò ọbẹ̀ tí mo dá sè, tí màá sì dá jẹ. Wọ́n ní ojú kan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ fún wa bí ó ṣe máa ń rí lára ojú kan yẹn nígbà tí ọmọ bá ń wo igba ojú tó kù, tí kò wò ó mọ́.

* * *

Ilé ìwé wa ní ẹ̀ka kan ní ìlú Oǹdó, Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni mo sì ń lọ kọ́ wọn. Àkúrẹ́ ti ń mọ́ mi lára nígbà náà, èmi náà ti ń pe iṣu ní uṣu bí mo bá fẹ́ kí ìyá oníṣu fi díẹ̀ sí i. Oǹdó ló tún dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ó dà bíi pé ẹ̀yìn ògiri ni mo wà: mo ń gbọ́ ohùn, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí àwọn ọmọ bá rí mi, wọ́n á yí ẹnu padà sí Yorùbá inú ìwé, bí ẹni tó sáré wọ bàtà nígbà tí àlejò dé. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo máa ń dá wà jù. Màá jókòó lábẹ́ igi kan tó wà lẹ́yìn yàrá ìkàwé, màá jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà, màá sì máa ro ibi tí mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ní Àkúrẹ́, ará Kútọnu. Ní Kétu, nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún, ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí.

Oǹdó náà sì ni ayọ̀ mi àkọ́kọ́ ti wá. Nígbà tí a ṣe ìdánwò támù kejì, Tọ́mi gba márùndínlọ́gọ́ta. Mo fi ọwọ́ ara mi kun àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo débi pé Pìrìnsípà yọjú, ó gbá mi mọ́ra, ó ní mo gbọ́dọ̀ bá àwọn lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ìyá òun fojú rí mi.

Wọ́n gún iyán fún mi. Ìyá àgbà Tọ́mi, obìnrin tínínrín tó ti hewú, fi ọwọ́ ara wọn gbé ẹran sínú abọ́ mi, wọ́n sọ nǹkan tí n kò gbọ́.

Tọ́mi tú u fún mi. "Wọ́n ní ẹ ti di ọmọ ilé."

Tọ́mi wá dìde láàárín gbogbo ilé, ó ka ewì Faransé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì tẹrí ba fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Omi dé ojú mi. Fún wákàtí yẹn n kò jowú ẹnikẹ́ni.

Inú mi dùn débi pé mo bọ́ sí ìta láti pe Àbẹ̀kẹ́, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí: bí Tọ́mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bó ṣe dé ogójì, bí ahọ́n rẹ̀ ṣe máa ń kọsẹ̀, bó ṣe wá ń kéwì báyìí.

Mo dúró kí ó bá mi yọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́?"

"Tọ́mi, Tọ́mi, Tọ́mi. Ṣé òun lẹ bí ni?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ mọ máàkì rẹ̀ láìwo ìwé. Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tèmi, ẹ máa ń bèèrè ni, ẹ ó sì bínú. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí rí pé kí ló ṣòro fún mi nínú ìṣirò. Ẹ kàn ń sọ pé mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá."

Ó pa fóònù. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a kò ti jà. Mo dúró síwájú ilé onílé ní Oǹdó, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú, iyán ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí mò ń fi owú jẹun láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò rò ó rí pé ẹnìkan ń jowú nítorí tèmi.

* * *

Nígbà tí ìsinmi àárín támù dé, mo lọ sílé. Ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́ kò tíì gba ìsinmi, mo sì ní èmi ni màá lọ rí olùkọ́ ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á mú mi lọ, kí n má baà ṣìnà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni olùkọ́ náà. Bó ṣe rí wa, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló kọrí sí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàbọ̀, mà." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Àbúrò wọn ni yín?"

"Àbúrò mi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Òun ló bí i."

Ojú ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ ń yọ́ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, bí omi tó mọ ojú àgbàrá rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà, bí òbí méjì bá jókòó níwájú mi, ẹni tí mo mọ̀ ni màá bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owú tó gbé mi lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá da omi sí i lára, á hó.

Nírọ̀lẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, mo sọ ọ́ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ mú ọmọ mi lọ sí Àkúrẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ jókòó lórí àpótí, ó ń já okùn lára aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ.

"Ìdánwò rẹ̀ ti dé tán."

"Ilé ìwé wà ní Àkúrẹ́."

"Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀."

"Yóò kọ́ ọ. Èmi náà kọ́ ọ."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Bí o bá fẹ́ mú un lọ, mú un lọ. Ìwọ lo bí i. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ ọ́ bí ẹni pé mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá fún mi, mo sì tọ́jú rẹ̀." Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

Àgbà ni wọ́n sí mi, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, méjèèjì sì ń ta mí. Mo yíjú sí Àbẹ̀kẹ́. Mo ti ṣe é fún Tọ́mi àti fún àwọn ọmọ tí n kò mọ ilé wọn, n kò ṣe é rí fún èyí tí mo bí. Mo fa àpótí kan, mo jókòó kí ojú wa lè dọ́gba.

"Níbo lo fẹ́ dé?"

Ó wò mí bóyá mò ń ṣàwàdà. "Nínú ìṣirò?"

"Nínú ìṣirò. Nínú gbogbo rẹ̀."

"Mẹ́wàá," ló wí. "Kí n ṣáà yege. Bí àwọn ìlà àti igun yẹn bá yé mi, màá débẹ̀. Òun ni kò yé mi." Ó tún já okùn kan. "Mo sì fẹ́ dúró síbí títí màá fi ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò tíì mọ̀. Ẹ má bínú, mà."

"N kò bínú."

"Ẹ má sì bi mí ní máàkì lórí fóònù mọ́. Bí mo bá ní, màá sọ."

Mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ olùkọ́ tó wà lára mi ń pariwo mẹ́rìnlá. Mo ní, "Mo gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ lọ.

* * *

Ìlérí yẹn le ju bí mo ṣe rò lọ. Ní Àkúrẹ́, orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kún ògiri níwájú mi, mo mọ ẹni tó gòkè, mo mọ ẹni tó fà sẹ́yìn. Ọmọ tèmi nìkan ni n kò mọ ibi tó wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta á dé, a ó sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ajá aládùúgbò tó bímọ, nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe ojú ayé. Ìbéèrè á gun orí ahọ́n mi, màá gé e jẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gùn sí i. Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní mo ti ń fi ohùn Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fúnra rẹ̀ ní igun ti ń yé òun, Màmá ti bá òun bẹ ọmọ ilé kejì kó máa kọ́ òun. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ní Màmá, kò sì sáré tún un ṣe. Ó dùn mí. Mo ní kó bá mi kí ọmọ ilé kejì.

Ìyá Tọ́mi ló ń rí mi. "Màdáàmù, kí ló dé tí ẹ máa ń wo ògiri bẹ́ẹ̀?" Mo sọ fún un nígbà tó yá. Ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ní Nàìjíríà. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, kò sọ òwe kankan fún mi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ni fóònù mi dún, láàárín kíláàsì. N kì í gbé e. Orúkọ tí mo rí lójú rẹ̀ mú mi bọ́ síta.

"Mo yege!" Ó ń pariwo, ariwo àwọn ọmọ mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mo yege! Mọ́kànlá ni mo gbà nínú ìṣirò! Mọ́kànlá!"

Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi sáré wá sójú fèrèsé. Mo ń fò sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé bí ọmọdé. Mẹ́rìnlá kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun. Ta lo kọ́kọ́ sọ fún?"

N kò mọ ohun tó mú mi bi í.

"Màmá. Àwa méjèèjì la jọ wá wò ó. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

Ó tún gún mi, níbi tó ti máa ń gún mi gan-an. Mo dúró kó kọjá. Kò kọjá tán.

"Gbé fóònù fún wọn," ni mo wí.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń gbà á, tí wọ́n ń mí sókè sódò bí ẹni tó rìn nínú oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ ṣeun. N kò tíì sọ ọ́ fún yín rí bó ṣe yẹ. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́ ọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n fun imú.

"Kò fẹ́ jẹun láàárọ̀, ẹ̀rù ń bà á. Mo din ẹyin fún un, mo ń fi bọ́ ọ lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́ títí ó fi jẹ ẹ́ tán."

Mo fara ti ògiri. Tọ́mi àti àwọn tó kù ṣì ń wò mí láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín torí wọ́n rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dà lójú mi. Mo jowú ẹyin yẹn. Mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n fi àlùbọ́sà sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fi sí i.